Àtẹ Tí Kì Í Sọ Pé Òun Kò Mọ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn ará odò mọ bí omi ṣe ga tó láràárọ̀. Ó ní àtẹ kan nínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí wọ́n ń to iye sí, ó sì kọ àṣẹ sí i tó fi ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti lù, àtẹ náà á lọ sí ojú ewé àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á mú iye gíga omi wá, á sì fi í ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi àti àwọn tó dáko sétí odò. Iṣẹ́ dáadáa ni, mi ò ní bù ú kù.

Ṣùgbọ́n nígbà míì nẹ́tíwọ̀kì kì í sí. Bí àtẹ náà ò bá rí nǹkan kan mú, á dúró, á sì gbé ìkìlọ̀ pupa jáde. Lọ́jọ́ kan ó gbé e jáde níwájú alága ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn àlejò rẹ̀. Alága béèrè bóyá nǹkan tí wọ́n ń yìn fún òun náà nìyí. Ojú ti ọkùnrin yìí débi pé kò lè jẹun ọ̀sán. Kó tó kúrò lọ́fíìsì, ó kọ àṣẹ tuntun: bí àṣìṣe bá dé, gbójú fò ó, bí o kò bá rí iye tuntun, mú ti àná lò. Ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn òwe yẹn, àmọ́ kò sọ pé kí ẹni tí kò débẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán an.

Láti ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ pupa dákẹ́. Alága ń yìn ín, òun náà sì ń yin ara rẹ̀.

Nígbà tí òjò le, àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù tún ojú ewé wọn tò. Àtẹ náà dé ibẹ̀, kò rí iye omi níbi tó ti máa ń rí i, ó sì mú ti àná. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ọlọ́kọ̀ kan ka mítà mẹ́ta lórí fóònù rẹ̀, iye tí kò léwu, ó sì ní kí àwọn olùkọ́ mọ́kànlá tó fẹ́ sọdá lọ síléèwé wọlé sọ́kọ̀.

Ìyá kan ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, Ìyá Ṣítù ni wọ́n ń pè é. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ odò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà omi ti gba ebè mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe akọ̀wé.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Odò ti wọ oko mi, iye tí ò ń fi ránṣẹ́ kò sì yí padà láti ọjọ́ mẹ́rin. Àbí ara rẹ ò yá ni?"

Ọkùnrin náà ṣí ojú ewé náà fúnra rẹ̀. Mítà márùn-ún ààbọ̀ ló bá níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn máa ṣí ilẹ̀kùn dáàmù laago mẹ́jọ. Aago méje ààbọ̀ ti lù. Ó pe ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ ti tú okùn, ó ti kúrò ní èbúté díẹ̀. Ó yí padà. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, omi ti gbé èbúté náà lọ. Àwọn olùkọ́ dúró sórí òkè, wọ́n ń wò ó, gbogbo wọn pé.

Ọkùnrin náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ṣítù nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ ṣé, ìyá mi. Mo ti dí àtẹ mi lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ bá a sọ ohun tó yẹ kó sọ."

Ìyá ní kó dìde, kó má fi aṣọ ọ́fíìsì gbá oko òun.

Ó padà lọ tún àṣẹ náà kọ. Bí ọ̀nà bá dí, kí àtẹ náà dúró díẹ̀, kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá rí i síbẹ̀, kó sọ fún gbogbo èèyàn pé òun kò rí iye òní, kí wọ́n fojú ara wọn wo odò, kó sì ké sí akọ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìkìlọ̀ pupa tún yọ níwájú alága. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì jókòó ti iṣẹ́.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o wá bá mi pé o fẹ́ lé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ó dìde nínú ìpàdé, ó ní ẹ̀rọ tó ń ka bí fíríìjì ṣe tutù tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ méjì, pé òun kò mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ṣì dára. O ní ó dójú tì ọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní nọ́ọ̀sì náà dákẹ́ ńkọ́, ọmọ mélòó lẹ ì bá ti gún lábẹ́rẹ́ náà láàárọ̀ yìí? Pe ìpàdé yẹn padà, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn.