Táyà Tó Ń Ki Ọba ní Ìgbósàn

Bí o bá dé ìlú Ìgbósàn, tí ẹnì kan ń fi ìyà tó ń jẹ ẹlòmíràn pọ́n ọ̀gá rẹ̀ lé, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbọ́ lẹ́nu àgbà kan pé: "Táyà ń kérora lábẹ́ ọba, ìjòyè ní oríkì ló ń kì." Àlejò a máa ṣe kàyéfì. Ta ló gbọ́ oríkì lẹ́nu táyà rí? Ìjòyè wo ni orí rẹ̀ dàrú tó bẹ́ẹ̀? Má pè é ní wèrè o. Ọ̀dọ̀fin Ajéìgbé ni, orí rẹ̀ sì pé dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Orúnkún ló ń dun Onígbósàn, ọba ìlú náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun bá fi ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kan ránṣẹ́ sí i, irú ọkọ̀ kékeré tí kò nílẹ̀kùn, tí àwọn olówó fi ń rìn kiri orí pápá nígbà tí wọ́n bá ń lé bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára. Ìjókòó méjì péré ló ní: ọba lọ́tùn-ún, awakọ̀ lósì. Gbádébọ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ro ọgbà ààfin tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ní kó máa wà á.

Ìjókòó òsì yẹn ni kò jẹ́ kí Ọ̀dọ̀fin rí oorun sùn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, orí ẹní ni ìjòyè ń jókòó sí níwájú ọba ní Ìgbósàn. Kò sí ẹni tí èjìká rẹ̀ bá ti ọba dọ́gba rí. Wàyí o, Gbádébọ̀ tí kò joyè eku, kò joyè ẹyẹ, ń fi èjìká kan èjìká ọba lójoojúmọ́, gbogbo ìlú sì ń rí i.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí ọkọ̀ ti dé, iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bó bá rọra ń lọ, a máa kùn. Bó bá sáré díẹ̀, a máa hu. Bó bá ya kọ́nà, a fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wọ àgbàlá ààfin, Gbádébọ̀ ní, "Kábíyèsí, ọkọ̀ yìí ń..."

Ọ̀dọ̀fin já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. "Ó ń kì yín ni, Kábíyèsí." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. "Láti àná ni mo ti ń fetí sí i. Irin tí kò lẹ́mìí mọ ẹni tó gbé. Oríkì yín gan-an ló ń kì."

Àwọn ìjòyè yòókù wo ojú ara wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́ oríkì kankan, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣíwájú sọ pé òun ò gbọ́? Ni wọ́n bá ń dọ̀bálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó pẹ́ jù lọ sì ni ẹni tí agbádá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé.

Ọba wò wọ́n títí. Ó ní, "Ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ ni kó máa wà á."

Bí Gbádébọ̀ ṣe padà sídìí ọkọ́ nìyẹn, tí Ọ̀dọ̀fin sì gorí ìjókòó òsì. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò ṣeé pa mọ́. Ilé àna rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà ibikíbi tí ọba ń lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá.

Mẹkáníìkì kan wà nílùú tó ń jẹ́ Ráṣákì. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní pápá gọ́ọ̀fù kan n'Íbàdàn kó tó padà wálé. Gbádébọ̀ ló lọ bá a. Ráṣákì dé ààfin lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọba ń sinmi, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè. Ó fọwọ́ kan di orí táyà mú, ó fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mì í. Táyà náà ń mì gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí eyín arúgbó. Ó fọwọ́ yí i, ó ń ha bí ìgbà tí yanrìn wà lórí ọlọ. Ó yẹ ìkejì wò, ọ̀kan náà ni wọ́n.

"Kí lò ń fi ọkọ̀ ọba ṣe?" Ọ̀dọ̀fin ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Olóyè. Bíárìn iwájú ló ti jẹ. Àwọn ọmọ irin kéékèèké tó wà nínú àyà táyà nì, àwọn ló ń jẹ́ kó máa yí wọ́ọ́rọ́. Gírísì ti gbẹ, omi ti wọ̀ ọ́, irin ń họ irin. Tí mo bá pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì, ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan mọ́."

"A ò ní gbọ́ ariwo mọ́?" Ọ̀dọ̀fin rò ó wò. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́, kí ni òun yóò máa gbọ́ tí ẹlòmíràn ò gbọ́? Ẹní ló ń pè é padà un. "Bó ò bá pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ lè máa rọra wà á lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, táyà lè yọ dànù. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn... Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é lónìí."

"Ìwọ lo fẹ́ pa akígbe ọba lẹ́nu mọ́? Gbé jáàkì rẹ, kó o máa lọ."

Ráṣákì gbé jáàkì rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Ọ̀dọ̀fin fi àdín àgbọn pa ẹ̀yìn táyà méjèèjì, kí wọ́n lè máa ki ọba níwọ̀nba.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn ìlú tuntun dé. Ìsàlẹ̀ òkè ni gbọ̀ngàn náà wà, gẹ̀rẹ́ gígùn ni ọ̀nà ibẹ̀ láti ààfin. Èrò pé pitimu. Ọba jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀.

"Ọ̀dọ̀fin, bí ọba bá ń jáde, níbo ni akígbe ń wà?"

"Iwájú ni, Kábíyèsí."

"Ǹjẹ́ ọba a máa gun akígbe rẹ̀ bí ẹṣin?"

"Èèwọ̀ ni, Kábíyèsí."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni mo ti ń dá nìyẹn. Jẹ́ kó máa lọ níwájú lónìí, èmi á fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Ìwọ tó o gbọ́ èdè rẹ̀, wà á, kó o máa túmọ̀ fún ará ìlú."

Ọ̀dọ̀fin wo gẹ̀rẹ́ náà títí dé ìsàlẹ̀. Ọba sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kó o sọ fún mi nípa ọkọ̀ yìí?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílùú pé ogún ọdún ni ọba yìí fi wa lọ́rì igi kó tó gorí oyè, pé etí rẹ̀ sì mọ igbe táyà tó ti jẹ; Ọ̀dọ̀fin nìkan ló gbàgbé. Gbólóhùn kan péré ló kù tí yóò gbà á là: táyà ti bàjẹ́. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè ń wò ó, àna rẹ̀ ń wò ó, gbólóhùn náà yóò sì dá a padà sórí ẹní lójú gbogbo wọn.

"Kò sí, Kábíyèsí. Ara rẹ̀ yá gágá ni."

"Ó dáa. Kí ẹnikẹ́ni má rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ o. Ẹ yà fún un."

Ọ̀dọ̀fin wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. "Ó ní ọmọ ẹkùn ni yín, Kábíyèsí! Ó ní..." Ìtumọ̀ parí síbẹ̀. Ọkọ̀ hu, ó gbọ̀n, táyà ọ̀tún iwájú yọ, ó yí lọ ní tirẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn nínú gbogbo àlejò pàtàkì. Ọkọ̀ fi imú gbá ilẹ̀. Orí yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ni Ọ̀dọ̀fin balẹ̀ sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti kán.

Ọba gbára lé èjìká Gbádébọ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí ni Ọ̀dọ̀fin ń wí?"

"Ó ń kérora ni, Kábíyèsí."

"Kérora kẹ̀? Ẹ fetí sí i dáadáa. Oríkì mi ló ń kì."

Ó ní kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọba pe gbogbo ìjòyè sí àgbàlá kí wọ́n wá wo iṣẹ́ Ráṣákì. Ráṣákì tú nọ́ọ̀tì, ó fa àyà táyà yọ, ó da bíárìn àtijọ́ jáde: ó dípẹtà, gbogbo ara rẹ̀ ti jẹ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọba ní kí wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ìjòyè kọ̀ọ̀kan. Ráṣákì lu òrùka irin ògbólógbòó jáde, ó lu tuntun wọlé, ó fọwọ́ tẹ gírísì sínú bíárìn tuntun títí ó fi kún. Ó fún nọ́ọ̀tì le, ó yí táyà, ó tún dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀. "Bó bá le jù, á gbóná, bó bá dẹ̀ jù, á yọ." Ó ṣe ti òsì náà bẹ́ẹ̀. Ó wá fọwọ́ ta táyà méjèèjì. Wọ́n ń yí lọ láìdún pínkín.

Ọ̀dọ̀fin, tó jókòó sórí ẹní tó na ẹsẹ̀ dídì sílẹ̀, wúkọ́.

"Kábíyèsí, ẹ ò rí bó ṣe dákẹ́? Ìbẹ̀rù yín ni. Ta ní í pariwo níwájú ọba?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Kábíyèsí," ni àwọn yòókù wí, bíárìn tó jẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ọba wo Ráṣákì, Ráṣákì ń fi èkísà nu gírísì lọ́wọ́. Ọba gun ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbádébọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Àwọn tó dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, ó sì ti di òwe. Bí o bá tún gbọ́ ọ, má bi wọ́n bóyá táyà lẹ́nu. Bi wọ́n pé ta ló ń wá àyè jókòó nítòsí ọba: táyà ń kérora lábẹ́ ọba, ìjòyè ní oríkì ló ń kì.