Ilẹ̀kùn Omi Tí Kò Dáhùn Mọ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn, oorun ti ń kùn yín ni? Mo ní, ààlọ́ o!
Ààlọ̀ o!
Ẹn-ẹ́n. Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó lọ dúró lọ́dọ̀ Alántakùn àti Ìgbín.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko sé odò kan lórí òkè. Wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹ má bi mí bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ayé àtijọ́ o! Ta ló ń pa ààlọ́, èmi àbí ẹ̀yin? Bí òjò bá rọ̀ tí omi kún, omi á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, kọ̀ǹpútà á ṣí i díẹ̀, omi á dínkù.

Alántakùn ló ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ìgbín ló ń dán an wò. Bí ètò bá lu níbì kan, Alántakùn á fi àlẹ̀mọ́ dí i. Àṣà wọn ni pé ọjọ́ mẹ́ta ni Ìgbín á fi dán àlẹ̀mọ́ wò lórí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kìíní, igi ni á fi kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ni. Ọjọ́ kẹta, omi ni.

Ìgbà tó yá, Òkété olè kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ̀ǹpútà rò pé omi ni, ó ṣí i. Òkété kó ẹja lọ. Ó tún padà wá, ó tún kó o. Omi ìlú ń tán lọ, òùngbẹ dé.

Erin ọba pariwo pé, "Alántakùn, dí ihò yìí kíákíá!"

Alántakùn jókòó, ó kọ àlẹ̀mọ́. Ó ní, "Kábíyèsí, láti òní lọ, ẹni yòówù kó kan ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà ò ní dáhùn."

Ìgbín fi igi kàn án, kò ṣí. Ó fi afẹ́fẹ́ kàn án, kò ṣí. Ìlú ń yọ̀. Ìgbín lọ bá ọba.

Ó ní, "Kábíyèsí, ó ku omi. Ọjọ́ kan péré ni mo tọrọ."

Alántakùn ní, "Omi kẹ̀? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ìwọ àti ìfàfalẹ̀ rẹ!"

Erin ní, "Òùngbẹ ò mọ ọjọ́ kan. Ẹ fi sí i."

Wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà ńlá lójú ẹsẹ̀.

Nísàlẹ̀ òkè, Àparò ń sàba lé ẹyin méje. Ọ̀la ni ẹyin náà máa pa. Ìgbín rántí rẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án gangan, ojú ọ̀run ṣú. Yéè! Ìgbín gbéra, ó ń wọ́ lọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Àparò, kó ẹyin rẹ o!
*Omi ń bọ̀ o, omi ń bọ̀.*
A ò fomi dán an wò o!
*Omi ń bọ̀ o, omi ń bọ̀.*
Ilẹ̀kùn ò ní dáhùn o!
*Omi ń bọ̀ o, omi ń bọ̀.*

Ó wọ́ dé ìdí ọsàn, ó kọrin, òjò ń kán. Ó wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó kọrin, òjò ń rọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Àparò, òjò ń dà.

Àparò ní, "Ṣebí wọ́n ní wọ́n ti tún un ṣe?"

"Wọ́n tún un ṣe. A ò parí ìdánwò."

"Ìgbín, kí ni kí n fi gbé ẹyin méje? Ìyẹ́ nìkan ni mo ní!"

Lókè, omi kan ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà dákẹ́. Omi kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Omi kàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Alántakùn sáré lọ yọ àlẹ̀mọ́ náà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilẹ̀kùn já. Àparò fò sókè. Ìgbín lẹ̀ mọ́ àpáta. Ẹyin méje bá omi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àparò dúró níwájú ọba. Kò sunkún. Ó kọjú sí Alántakùn.

"Ǹjẹ́ àlẹ̀mọ́ rẹ ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́."

"Ǹjẹ́ Òkété wọlé?"

"Kò wọlé."

"Ta ló wá kó ọmọ mi lọ?"

Alántakùn dọ̀bálẹ̀. Erin gan-an wolẹ̀. Ọba ní, "Alántakùn, láti òní lọ, igun ilẹ̀kùn ni wàá máa gbé. Tí o bá dí ihò, ìwọ ni omi á kọ́kọ́ bá." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí alántakùn ní igun ilẹ̀kùn títí dòní.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má fi ìkánjú gbé iṣẹ́ tí a ò tíì dán wò tán lé ẹlòmíì lórí. Ibi tí mo bá ààlọ́ mi dé nìyí.