Àpò tí Bàbá Jókòó Lé

Kí Fadérera tó kúnlẹ̀ tán ni Bàbá Ọ̀jẹ́bọ̀dé, tó ń ṣọ́ àpò kòkó ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ti fi oríkì pàdé rẹ̀: "Àwẹ̀ró, ọmọ ọ̀rẹ́ mi!" Orí Fadérera wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé àyẹ̀wò lòun wá ṣe. Ó fi irin ṣóńṣó gún àpò méjì níwájú, kòkó gidi ló dà jáde. Ó ti ń múra àtilọ nígbà tó bi ara rẹ̀ pé, "Ta ló to ìwọ̀nyí síwájú fún mi?"

Ó bá kọjú sí àwọn àpò ẹ̀yìn.

"Àwẹ̀ró, ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Àpò yìí ni mi ò tíì gbà gbọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

Bàbá sáré jókòó lé àpò tó fẹ́ gún. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọmọ mi."

Àpò rì lábẹ́ rẹ̀, ó bẹ́, èèpo kòkó gbígbẹ fọ́n káàkiri, ẹsẹ̀ Bàbá wà lókè. Láti inú èèpo ló ti tún bẹ̀rẹ̀: "Àwẹ̀ró, ọmọ ọ̀rẹ́ mi…"

"Ẹ rọra o, Bàbá. Alángbá tí inú ń run lẹ jókòó lé."