Ẹ̀yìn Ẹyẹ Fàdákà

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni. Bó bá rọ òrùka, bí òde rẹ̀ ṣe ń dán ni inú rẹ̀ náà ń dán. Àwọn ará ìlú a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní gbà kí wọ́n sin òun àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ dán ògiri sàárè.

Ní ìlú náà, àwọn amọ̀kòkò a máa po iyanrìn kíkúnná mọ́ eérú, wọn a fi kun ara ìkòkò omi, iná a sì sọ ọ́ di awọ tó ń dán bíi dígí. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni yóò bá a lọ, pẹ̀lú àmì fàdákà ilé bàbá rẹ̀ lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í fi àtè lẹ àmì náà. Wọ́n á fi ìkòkò lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n á gbé àmì lé e, wọ́n á dá a padà sínú iná títí awọ dígí náà yóò fi rọ̀, tí yóò sì gba fàdákà mọ́ra.

Ọjọ́ wá kò tí alágbẹ̀dẹ yìí yóò fa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fún ọkọ. Àdàbà ni àmì ilé wọn. Ó rọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó dán an níwájú, ó dán an lẹ́yìn, ó wá gbé e lọ fún obìnrin tó mọ ìkòkò náà.

Obìnrin náà yí ẹyẹ padà lọ́wọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ yín dára, bàbá ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán jù, awọ dígí kò ní rí ibi dì mú. Ẹ jẹ́ ká fi irin fáìlì ha á."

Ó dun alágbẹ̀dẹ dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó gbà. Obìnrin náà ha ẹ̀yìn àdàbà ṣàkàṣàkà, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ to igi sídìí iná. Kó tó padà dé, bàbá ìyàwó ti mú àkísà rẹ̀ jáde lápò, ó ti dán gbogbo ìlà tí fáìlì fà títí wọ́n fi parẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹyẹ lé ìkòkò, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i wò.

Nígbà tí ìkòkò jáde nínú iná, ó wu ojú. Ẹyẹ náà jókòó gẹ́lẹ́ síbi tí wọ́n fi í sí. Alágbẹ̀dẹ rò ó lọ́kàn pé àwọn amọ̀kòkò kàn ń da ara wọn láàmú ni.

Wọ́n gbé ìkòkò dé ilé ọkọ ṣáájú ìyàwó, oòrùn sì pa á lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gbóná. Ìyàwó dé, ìyá ọkọ da omi kànga tútù sínú ìkòkò kó lè bu èyí tí yóò fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdàbà tú, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìlú yẹn, ìyàwó tí àmì ilé bàbá rẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà ni yóò ti padà. Àwọn kan ti ń kó ẹrù rẹ̀ pọ̀.

Ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyẹ náà nílẹ̀, ó yí i padà. Ojú ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ó nà án sí ìyàwó, ìyàwó sì nà án sí bàbá rẹ̀ tó sìn ín wá.

Ọmọ náà ń sunkún. Ó ní, "Bàbá mi, ta ló máa wo ẹ̀yìn rẹ̀?"

Bàbá gba ẹyẹ náà, ó yí i padà lọ́wọ́. "Èmi ni," ló wí. "Mo mọ̀ pé ìlà wà níbẹ̀, mi ò sì lè fara dà á."

Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí eruku bà lé bàtà òun dọ̀bálẹ̀ nínú omi àti ẹrẹ̀. Ó sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé ọmọ òun ò jẹ̀bi, amọ̀kòkò ò jẹ̀bi, òun ni òun dán ohun tí wọ́n ti ha. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè kí iná jó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá ọkọ wo ẹrẹ̀ tó wà láyà agbádá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún ìyàwó, kó jókòó dè é.

Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ fi ha ẹyẹ náà. Ìkòkò yẹn ti fọ́ báyìí, nítorí amọ̀ ni, ṣùgbọ́n àdàbà ṣì wà lára àpáàdì rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣa á.

Fọlájìnmí, o ní kí n bá ọ lọ sílé àwọn àna rẹ lọ́la, kí wọ́n lè yọ̀ǹda aya rẹ tó kó lọ bá wọn. Mà á bá ọ lọ, mo ti bá ọ̀pọ̀ ọkọ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. O ti ra iṣu, o ti ra aṣọ, o sì ti kọ́ ohun tí wàá sọ sórí. Mo gbọ́ ọ níta nígbà tí o ń tún un sọ: "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí." Ọ̀rọ̀ náà dán, tiwájú tẹ̀yìn. Bí o bá ṣẹ̀ wọ́n, kẹ̀? Ṣé kò dá ọ lójú ni?

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ dídán yẹn lọ́wọ́ rẹ lọ́la, kí inú gbogbo wa dùn, kí aya rẹ sì bá wa bọ̀. Ọjọ́ tí omi tútù bá kan ọ̀rọ̀ náà, yóò bọ́. Yóò sì dùn mí, torí mo fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì.

Nítorí náà, fi iṣu yẹn sílẹ̀ ná, kí o wá jókòó. Sọ ohun tí o ṣe sí aya rẹ fún mi, bó ṣe rí gan-an, má sì dán an.