Ìdí Tí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Fi Ń Kọ́lé Sábẹ́ Òrùlé Olórùlé

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ ẹyẹ tó mọ òkúta gbẹ́, orí ilẹ̀ ni gbogbo ẹyẹ ń kọ́lé sí. Ilé amọ̀ ni. Ó ní ògiri, ó ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ní iyàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Ẹyẹ tó bá fẹ́ fò a fò ní ọ̀sán, bó bá di ìrọ̀lẹ́ a fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

Àdúgbò kan wà létí odò tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀ Amọ̀. Ibẹ̀ ni Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń gbé. Òun ni olórí ọ̀wẹ̀ àdúgbò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́lé, òun ni yóò pe àwọn ará àdúgbò jọ, òun náà ni yóò kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ amọ̀.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wó ti àtijọ́. Wọ́n á da omi sí amọ̀ rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á wá pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Amọ̀ tuntun nìkan kò ṣeé gbọ́kàn lé, ọyẹ́ àkọ́kọ́ ni yóò là á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wọn ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wọn ṣe.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ẹyin ti kún inú Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ilé rẹ̀ sì ti gbó, ó ń jò. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: iyàrá gbígbẹ tí yóò yé ẹyin sí kí òjò tó dé.

Ògòǹgò ni ọba ẹyẹ. Ọ̀nà jíjìn réré, ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ni ààfin rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ kan, àwọn àlejò wá kí i láti òkèèrè, wọ́n ń ròyìn àwọn ilé òkúta tó ga fíofío ní ìlú wọn. Ojú ti ọba. Ó pe ìgbìmọ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì ṣòfin pé kí gbogbo àdúgbò àtijọ́ ní ilẹ̀ ẹyẹ di tuntun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé Ìsàlẹ̀ Amọ̀ rí. Ọba fúnra rẹ̀ kò sì kọ́lé rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Lékèélékèé ni wọ́n rán wá. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Orí òkúta ló dúró sí kí amọ̀ má baà ta sí i.

"Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Amọ̀, ọba kí yín! Ọba yóò kọ́ ilé òkúta síbí. Ẹni tó bá ní ilé níbí, yóò gba ilé níbí. Ẹ dúpẹ́!"

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó pe ọ̀wẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wó ilé wa de àwọn òṣìṣẹ́ ọba," ó wí. "Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n bá amọ̀ tó ti rọ̀ nílẹ̀."

Àdàbà, ìyá àgbà tó múlé tì í, mi orí. "Ọmọ mi, òkúta ni mo gbọ́ tí wọ́n pè. Ṣé wọ́n ń po òkúta ni? Ẹ jẹ́ ká bi Lékèélékèé ná."

"Ìyá, ẹ má jẹ́ ká ya aláìmoore. Ọba fún wa nílé, a tún ń da ìbéèrè bò ó? Ògiri tí kò bá ní amọ̀ àtijọ́ nínú, ṣé ògiri nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó lè bá olórí ọ̀wẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ amọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Tilẹ̀kùn-tilẹ̀kùn ni wọ́n wó o, orin ni wọ́n sì fi ń wó o. Ilé Ẹyẹlé nìkan ló kù, nítorí Ẹyẹlé kì í wá sí ọ̀wẹ̀. Ó ti lọ jẹun nílé onílé.

Lẹ́yìn náà ni Lékèélékèé padà dé pẹ̀lú ẹfun lẹ́nu. Ó ń wá ògiri tí yóò sàmì sí. Ó sàmì sí ti Ẹyẹlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ilé tiyín dà?"

"Òun rèé," Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ dáhùn, ó ń fi ìyẹ́ júwe amọ̀ náà tayọ̀tayọ̀. "A ti wó o dè yín. A ti rẹ ẹ́ sómi."

"Amọ̀ ni mo rí. Òfin ní ẹni tí ògiri rẹ̀ bá wà ní ìdúró ni onílé."

"Ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa!"

"Ẹ ò bi mí." Lékèélékèé ń nu ẹfun kúrò lẹ́nu. "Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo àdúgbò yíjú sí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ìbá sàn fún un kí wọ́n bú u.

Pẹ̀lú ẹyin nínú, ó fò lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn. Ó bá ọba lórí yanrìn níbi tó ti ń sàba.

"Kábíyèsí, ilé wà níbẹ̀. Nítorí tiyín la ṣe wó o."

"Ta ló ní kí ẹ wó o?" Ọba kò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Àṣà wa ni. A kì í kọ́ tuntun láìwó ti àtijọ́."

Ọba wo àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ó ṣe mí láàánú," ọba wí, "ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ ẹyẹ ni òfin yìí wà fún. Bí mo bá yí i nítorí àdúgbò kan, ta ni yóò tún tẹ̀lé e? Kí lo tilẹ̀ fẹ́ fi ilé ṣe? Yé ẹyin rẹ sórí yanrìn. Wo tèmi."

"Kábíyèsí, yanrìn yín gbẹ. Etí odò ni tiwa."

Wọ́n ti ń tì í síta kó tó sọ ọ́ tán.

Òjò ti dé Ìsàlẹ̀ Amọ̀ kí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó padà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ń to òkúta lé òkúta. Ẹyin kò sì mọ òfin, kò lè dúró mọ́. Orí òkìtì amọ̀ ilé rẹ̀ ni Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ yé e sí. Ó fi ìyẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kì í ṣe òrùlé. Àgbàrá wọ́ amọ̀ náà lọ, ó sì ń gbé ẹyin náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú odò. Ó ń wò ó. Kò sí ohun tó lè ṣe.

Àdàbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà náà kò sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń sunkún, ó sì sunkún náà wọ inú igbó lọ, ẹ ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní. Àwọn yòókù fọ́n ká, kálukú wá ẹ̀ka igi tí yóò rọ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹyin tún kún inú rẹ̀, Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn Ẹyẹlé nínú ilé òkúta. Wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Kò sẹ́ni tó sọ bí yóò ti rí nígbà tí òun gan-an bá di onílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, igun iyàrá kan."

Ẹyẹlé na ọrùn. "Òfin kò gbà á, ìwọ náà mọ̀. Abẹ́ òrùlé níta nìkan ni òfin kò mẹ́nu bà. Ṣáà má jẹ́ kí amọ̀ rẹ kán sí ẹnu ọ̀nà mi."

Kò sí ẹni tí yóò pè sí ọ̀wẹ̀ mọ́. Ó lọ sódò, ó bu amọ̀ ẹnu kan, ó fò padà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Ẹyẹlé. Ó tún lọ.

Láti ọjọ́ náà ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti ń lẹ ilé mọ́ abẹ́ òrùlé olórùlé. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrú, nítorí kò ní ilẹ̀ tí yóò máa rìn lórí rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá kọ́ ilé tuntun sílùú, òun ni yóò kọ́kọ́ máa fò yí i ká. Àwọn onílé á ní ilé àwọn ló wù ú. Wọ́n á fi igi gbá ìtẹ́ rẹ̀ lulẹ̀, tẹyin-tẹyin. Kì í bá wọn jà. Á kàn tún padà sódò lọ bu amọ̀.