Ẹni Kẹta Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan wà tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó jẹ oníṣòwò fùláwà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, ó jẹ obìnrin onígi ìdáná ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ó tún jẹ agbẹ̀bí àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Owó ti agbẹ̀bí yìí kò ní ìwé, kò sì ní ẹlẹ́rìí. Inú yàrá ìyá náà ni ìyá ti ka owó náà fún un, nígbà tí òjò wó ààrò búrẹ́dì rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí kóòtù, kí ó ní òun kò lè san mọ́. Wọn yóò ta ààrò náà, wọn yóò pín owó rẹ̀, ọrùn rẹ̀ yóò sì mọ́. Ọkùnrin náà rò ó. Ó mọ̀ pé bíríkì lásán ni ẹni tó bá ra ààrò náà yóò rà, owó rẹ̀ kò sì ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbèsè náà. Òun fúnra rẹ̀ kò ní rí ibi ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó pe oníṣòwò àti onígi sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde hàn wọ́n. Ó ní bí wọ́n bá fi ààrò sílẹ̀ fún òun, òun yóò máa san lóṣooṣù fún ọdún méjì, kí wọ́n máa pín in bí gbèsè kálukú bá ṣe tó.

“Àlàyé rẹ gbóná ju búrẹ́dì rẹ lọ,” ni oníṣòwò wí. Ṣùgbọ́n ó gbà, onígi náà sì gbà. Oníṣòwò wá bi í pé, “Kò sí ẹlòmíràn tí o jẹ?”

“Ẹ̀yin méjèèjì náà ni, Alájì.”

Wọ́n kọ ìwé. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, agbẹ̀bí dé.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà wá dógò tì í ni?” ni oníṣòwò fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

“Búrẹ́dì ni mo wá rà.” Ó san owó rẹ̀ pé, ó sì yíjú sí ọ̀nà.

Oníbúrẹ́dì di owó náà mọ́wọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè fa ìwé ya, kí wọ́n sì ta ààrò. Ó ní, “Ìyá, ẹ dúró. Alájì, mo purọ́ fún yín. Mo jẹ ìyá yìí náà.” Ó sì sọ iye rẹ̀.

Oníṣòwò dìde. “Irọ́ kan ti jáde. Mélòó ló kù nínú rẹ?”

“Ẹ jókòó, Alájì,” ni onígi wí. “Ta ló mú un? Ìyá ò sọ̀rọ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo lè bá dúró dé ọdún méjì.”

Ó pẹ́ kí oníṣòwò tó jókòó. Nígbà tí ó jókòó, ó ní kí wọ́n kọ ìwé mìíràn tí orúkọ mẹ́ta yóò wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni ọkùnrin náà fi san án tán.

Ìwọ onígbèsè tó ń gbọ́ mi, n kò sọ pé kóòtù burú. Òfin ṣe é fún ẹni tí kò ní ohunkóhun mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ṣì lè ṣiṣẹ́. Lọ bá àwọn tí o jẹ kí wọ́n tó wá bá ọ. Bí o bá sì mú kálámù láti kọ orúkọ wọn, ẹni tí kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ni kí o kọ́kọ́ kọ.