Amọ̀ Tó Fa Májèlé Mọ́ra

Ọkùnrin kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ omi aró di omi tó mọ́. Etí odò ló ń gbé, lápá òkè, nítòsí àwọn aláró. Á se èèpo àgbálùmọ̀, á sẹ́ omi rẹ̀, á dà á sínú omi tí wọ́n ti yọ́ irin sí, á pò ó mọ́ amọ̀ funfun, á sun ún níná, á sì lọ̀ ọ́ kúnná ju ẹ̀lùbọ́ lọ. Bó bá ti da lẹ́búlẹ́bú yẹn sínú ìdọ̀tí àwọn aláró, amọ̀ á fa májèlé mọ́ra, omi á mọ́ gaara.

Ìlú yìn ín. Orí rẹ̀ wú. "Èso lásán ni," ló máa ń wí, "kò lè pa èèrà."

Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ti mu májèlé yó ńkọ́? Ihò jíjìn tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ló yẹ kó sin ín sí. Ìyẹn nira. Ṣọ́bìrì ló fi ń kó o sódò lẹ́yìn ilé, nígbà tí ojú kò sí níbẹ̀.

Ìyá kan tó ń yan ẹja ní abúlé ìsàlẹ̀ odò gbé apẹ̀rẹ̀ dé. Òkú ẹja ló kún inú rẹ̀.

"Ọ̀gá eléso, wo ohun tí odò ń bí fún wa."

"Ìyá, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ṣebí àgbálùmọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Ìyá náà yà sẹ́yìn ilé, ó bu ẹrẹ̀ dúdú létí odò níbi tí ọkùnrin náà ń da amọ̀ sí sínú ife, ó bomi là á.

"Àgbálùmọ̀ rẹ rèé. Mu ún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wo ife náà. Ó mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, torí òun ló kó o jọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbéra.

"O ò lè mu ún," ni ìyá wí, "àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ti ń mu ún láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Ìwọ tí mò ń bá wí, má wẹ̀yìn. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Wọ́n bú ọ níbi iṣẹ́, o rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè ọ́ ní onísùúrù. Mo ti sùn ní ìloro irú ilé yín, mo sì gbọ́ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Gbogbo èébú tí o gbé mì lójúde, orí ìyàwó rẹ lo ń dà á lé. O sì láyà láti pè é ní sùúrù!

Ó dáa. Jókòó níwájú ìyàwó rẹ lónìí. Bu ọ̀rọ̀ tí o ń sọ sí i sínú ife. Bó bá jẹ́ pé èso ni, mu ún.